Ìtọ́jú Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Àtijọ́ àti Bí A Ṣe Ń Wádìí Àìsàn Rẹ̀: Àpẹẹrẹ Ẹ̀rọ Ìlọta ní Gangare, Ìlú Jos

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, àti bí a ṣe ń wádìí ohun tí ó ń ṣe é nígbà tí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí a mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ni èyí tí ń yí ẹ̀rọ ìlọta àti ìlọgi ní Gangare, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Jos. Àwọn aṣojú kan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ìdáhùn wa kò gùn. Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, a ti ń sọ ọ́ ní irú àpéjọ báyìí pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. A máa ń sọ ọ́ ju bí a ṣe ń ṣe é lọ. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe é.

Ìdí mìíràn wà. Ẹ̀rọ ìlọta jẹ́ oúnjẹ fún ẹni tí ó ni ín, fún ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ ọ, àti fún gbogbo ilé tí ń gbé igbá àti ike lọ síbẹ̀. A ti rí i lójú wa pé wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tí kò ní ju fítà tí ó dí lọ sílẹ̀ pátápátá, tí ẹni tí ó ni ín sì ta irin rẹ̀ ní kílò kílò fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ẹni náà kò rí òmíràn rà títí di òní. Àìmọ bí a ṣe ń wádìí ni ó fà á, kì í ṣe àìsàn ẹ́ńjìnnì.

Gangare àti ẹ̀rọ rẹ̀

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di pé Yorùbá wà ní Jos. Iṣẹ́ ìwakùsà tánganran àti ọkọ̀ ojú irin ni ó kó ọ̀pọ̀ wọn gòkè wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Púpọ̀ nínú wọn sì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Gangare, tí kò jìnnà sí àárín ìlú, Hausa ni èdè ìta, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìlọta yóò gbọ́ Yorùbá àti àwọn èdè mìíràn pẹ̀lú. Àgbàdo rírẹ fún ògì, ẹ̀wà fún kósé, ata fún ọbẹ̀, ọkà gbígbẹ fún túwó, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Àwọn kan ti fi mọ́tò iná mànàmáná rọ́pò ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n iná kì í dúró. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lister ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ìbáà jẹ́ Lister ni tàbí kì í ṣe òun. Ní Dursley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ilé iṣẹ́ Lister ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1867 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní CS jáde: sìlíńdà kan, àwọn irin ńlá méjì roboto ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, èyí tí agbára rẹ̀ wá di ti ẹṣin 6 ní ìyípo 650 láàárín ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà. Orúkọ CS náà wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé ó lè gbéra nínú òtútù, èyí tí ará Jos gbọ́dọ̀ fẹ́ràn láti gbọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣẹ́ irin ní ìlú Rajkot, ní ilẹ̀ Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èyí tí a sì ń rí lónìí, láti ibẹ̀ ni ó ti wá. Ilé iṣẹ́ Lister ṣe ẹ́ńjìnnì tí a ń gbé sínú ikùn ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wá láti Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìlàjẹ lè fi ohun tí a ń sọ níhìn-ín wo ọkọ̀ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá tí ó wà níbẹ̀ ni pé omi odò tàbí omi òkun ni wọ́n fi ń tu ti inú ọkọ̀ lára, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin rẹ̀ láti inú.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

A kò lè wádìí àìsàn ohun tí a kò mọ ìlera rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fà sínú. Písítìnnì á wá fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ mọ́ ibi tóóró títí tí yóò fi gbóná rékọjá ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni nọ́sù yóò tú epo díẹ̀ sí i bí ìkùukùu. Epo náà á gbiná fúnra rẹ̀, á ti písítìnnì sísàlẹ̀, agbára ti dé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni èéfín yóò jáde. Fà, fún, gbiná, tú: ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí gba ìyípo méjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 325 ni ó ń gbiná. Ìdí nìyí tí a fi lè ka ìró rẹ̀ létí, tí ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fetí sílẹ̀ sì máa ń mọ̀ nígbà tí ọ̀kan bá fò.

Nínú àlàyé yìí, ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè: afẹ́fẹ́ tí ó tó, ìfúnpọ̀ tí kò jò, àti epo tí ó mọ́ tí ó sì dé lásìkò. Àìsàn tí kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, inú ọ́ìlì tàbí inú omi ni kí a wá a sí.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni. Kí a tó fi ọwọ́ kan kiráńkì, a gbọ́dọ̀ yọ ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì wò. Ọ́ìlì inú irú ẹ́ńjìnnì yìí, fífọ́n ni ó ń fọ́n ká bí irin inú rẹ̀ ti ń yí. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju ìlà lọ, kò ní dé ibi tí ó yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní fítà ọ́ìlì, gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló ń yí ká pẹ̀lú ọ́ìlì náà. Àbá wa ni pé kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí 100. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ yóò pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sí ara wọn. Ó dà bí ìnáwó, a mọ̀. Kí ẹni náà fi iye owó ọ́ìlì wé iye owó kiráńkì.

Epo dísẹ́ẹ̀lì ni ó tún kàn. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ táǹkì ni ó máa ń wà. Bí epo bá ti sùn mọ́jú, kí a ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun kan, kí a sì wo ohun tí ó jáde. Ìgò funfun yìí tó fún kíláàsì sáyẹ́ǹsì odidi kan. Bí wọ́n bá da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù epo àti nọ́sù yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì tiwọn. Ẹni tí ó ra epo olówó pọ́ọ́kú kò tíì mọ iye tí ó san.

Fítà afẹ́fẹ́ ni a fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí Jos. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá, ó sì máa ń bo ewé àti òrùlé. Ẹ́ńjìnnì ń mí eruku yìí. Bí fítà bá ya, tàbí tí wọ́n yọ ọ́ sọnù pé ó ń dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, iyanrìn tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ yóò máa ha ògiri sìlíńdà bí ìgbà tí a ń fi ọlọ lọ ata. Nígbà òjò, a lè fọ fítà lọ́sẹ̀ méjìméjì. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún àwọn ilé ìlọta tí ó dojú kọ títì eléruku.

Dúrọ́ọ̀mù omi kò béèrè ohun púpọ̀. Omi gbígbóná fúyẹ́, ó ń gòkè. Omi tútù wúwo, ó ń sọ̀kalẹ̀. Báyìí ni omi ṣe ń yí ká láìsí pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n bí omi bá lọ sílẹ̀ ju ẹnu páìpù òkè lọ, ìyíká náà ti parí, bí dúrọ́ọ̀mù tilẹ̀ ṣì kún dé ìdajì. Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ lójú rú nìyí.

Bí ó bá kọ̀ láti gbéra

Òwúrọ̀ Jos nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìíní lè tutù dé ìwọ̀n 10 tàbí kí ó kéré sí i. Irin ti tutù, ọ́ìlì ti ki, ooru tí ìfúnpọ̀ ń mú wá sì ń lọ sínú irin kí epo tó dé. Ẹni tí ń yí kiráńkì lásán yóò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní dáhùn. Ohun tí ó dára jù ni kí a fi omi gbígbóná sínú ara ẹ́ńjìnnì nígbà tí omi àná ti jáde, kí a dúró díẹ̀, kí a tó yí i. Àwọn kan máa ń ti aṣọ tí iná ń jó mọ́ ẹnu ibi tí ó ti ń fa afẹ́fẹ́. A kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Epo wà nílẹ̀, àpò ọkà wà nítòsí, ọmọdé sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bí kì í bá ṣe òtútù, kí a wádìí ní ìtẹ̀léra. Ṣé epo wà nínú táǹkì? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí, ṣé epo dé ọ̀dọ̀ nọ́sù? Nígbà tí epo bá tán pátá tàbí tí wọ́n bá tú fítà epo, afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú páìpù. Afẹ́fẹ́ yìí ni pọ́ǹpù ń fún pọ̀ tí ó sì ń padà fẹ̀, epo kò sì ní rí agbára fi ṣí nọ́sù. Kí a tú nọ́ọ̀tì orí fítà epo díẹ̀ títí tí epo yóò fi máa ṣàn láìsí fóòmù. Kí a dì í. Kí a ṣe bákan náà ní ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, kí a sì parí rẹ̀ ní ẹnu nọ́sù. Lẹ́yìn náà, kí a rọra yí kiráńkì, kí a fetí sílẹ̀: nọ́sù tí ó yè máa ń dún “kíìrí” bí ilẹ̀kùn tí kò ní ọ́ìlì. Bí ó bá dún, epo ti dé. Bí kò bá dún, kí a má tíì tú orí ẹ́ńjìnnì. Ìdààmú ṣì wà ní ọ̀nà epo.

Bí epo bá dé tí kò sì gbiná, ìfúnpọ̀ ni ó kàn. Yí kiráńkì láìgbé fáàfù sókè: ó yẹ kí ó kọ̀ fún ọ, kí ó sì ta ọ́ padà. Bí ó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ń jò. Ó lè jẹ́ fáàfù tí kò pa ẹnu dé, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí, ó sì lè jẹ́ ríìnì písítìnnì. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀: kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kì í ṣe ìkún ìbò kan, sí ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí o tún yí i. Bí ó bá wá kọ̀ fún ọ, ríìnì ni. Ọ́ìlì ti bá a dí ihò. Bí kò bá yí padà, ọ̀dọ̀ fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí a wò. Kí ẹni tí ń yí kiráńkì fi àtàǹpàkò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ọwọ́ yóò yọ. Bí àtàǹpàkò bá yí irin náà ká, yóò ṣẹ́.

Èéfín àti ohùn

Ní ibi yìí ni a ti rí i pé àwọn ọ̀gá ń ṣe bí oníṣègùn. Kí ọ̀gá tó mú sípánà, yóò jáde síta lọ wo ẹnu sálẹ́ńsà.

Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Fítà lè ti dí, nọ́sù lè máa kán epo dípò kí ó tú u bí ìkùukùu, tàbí kí ẹrù pọ̀ jù: wọ́n ti so ojú ọlọ mọ́ra jù, wọ́n sì da ọkà gbígbẹ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ti Jos nìkan, tí ẹni tí ó ra ẹ́ńjìnnì láti Èkó kì í sábà rò. Ìlú Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ojú òkun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án fẹ́lẹ́ ju ti Èkó lọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti yí epo rẹ̀ sí ìwọ̀n Èkó yóò máa rí epo Èkó pẹ̀lú afẹ́fẹ́ Jos, yóò sì máa tú èéfín dúdú. Wọ́n á pààrọ̀ nọ́sù, wọ́n á pààrọ̀ ríìnì, èéfín kò ní lọ. Dídín epo kù àti dídín ẹrù kù ni oògùn rẹ̀. Agbára tí afẹ́fẹ́ kò gbé wá, kò sí mẹkáníìkì tí ó lè fi sí i.

Èéfín funfun nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nínú òtútù kò burú. Epo tí kò jó ni. Bí ó bá gbóná tán tí funfun náà kò lọ, ó ṣeé ṣe kí epo máa pẹ́ dé, tàbí kí omi máa wọ sìlíńdà láti gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó ti jó. Kí a wo dúrọ́ọ̀mù: bí omi rẹ̀ bá ń hó léfòó nígbà tí kò tíì gbóná, afẹ́fẹ́ sìlíńdà ni ó ń gba ibẹ̀ jáde. Kí a wo ọ́ìlì pẹ̀lú. Bí ó bá ti funfun bí ògì, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọn, kí a má sì tún yí ẹ́ńjìnnì náà rárá.

Èéfín aláró ni ti ọ́ìlì. “Ó ń mu ọ́ìlì” ni àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ọ́ tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ríìnì ti gbó, tàbí kí ọmọ iṣẹ́ ti da ọ́ìlì ju ìwọ̀n lọ.

Ní ti ohùn, ìró “kọ̀, kọ̀” tí ó ń bá ìyípo kọ̀ọ̀kan rìn lè jẹ́ bẹ́ríìnì tí ó ti gbó nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó tú u, kí a kọ́kọ́ wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó di irin ńlá roboto mọ́ kiráńkì. Bí ó bá ti tú, ìró kan náà ni yóò máa dún, ewu rẹ̀ sì pọ̀ jù, nítorí pé irin roboto náà wúwo púpọ̀, bí ó bá sì já nígbà tí ó ń yí, kò sí ògiri pákó tí yóò dá a dúró. Bí eré ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè sódò bí ẹni tí ń mí hẹlẹhẹlẹ, gọ́fánọ̀ tí ń ṣọ́ eré rẹ̀ ni ó ń há, tàbí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì wà nínú epo.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹ́ńjìnnì máa ń bọ́ lọ́wọ́: gọ́fánọ̀ há pátápátá, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ́ìlì ara rẹ̀, eré rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i bí wọ́n tilẹ̀ ti epo pa. Afẹ́fẹ́ nìkan ni a lè fi dá a dúró. Kí pákó pẹlẹbẹ kan wà nítòsí nígbà gbogbo láti fi bo ẹnu ibi tí ó ti ń fà á; ọwọ́ kọ́, aṣọ kọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì gbóná jù, kí a pa á, kí a jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Omi tútù tí a bá dà sí irin gbígbóná yóò la orí ẹ́ńjìnnì, orí tí ó bá sì là kò ṣeé jó pọ̀ bí ẹni ń jó irin ilẹ̀kùn.

Èdè ilé ìlọta

Àwọn aṣojú tí ó jẹ́ onímọ̀ èdè yóò ti ṣàkíyèsí pé a kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1984 ràn wá lọ́wọ́ gan-an nínú gírámà àti lítíréṣọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wa yóò fẹ́ kí a pe nọ́sù ní “ẹnu atúepo”. A kò takò ó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìlọta yóò tún padà wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ohun tí ó wù wá jù ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí àwọn oníṣẹ́ ti ní tẹ́lẹ̀: ẹ́ńjìnnì ń mí, ó ń mu ọ́ìlì, ó ń húkọ́, ara rẹ̀ gbóná, ó kọ̀, ó dáhùn. Ọ̀rọ̀ ara ènìyàn ni gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń mí kò ní yọ fítà rẹ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ṣọ́ra fún “nọ́ọ̀kì”: ní ẹnu mẹkáníìkì wa, ẹ́ńjìnnì tí ó ti nọ́ọ̀kì ti kú, kò lè yí mọ́, nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìró lásán ni. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí ó ka ìwé kan tí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ọ̀gá yóò dàrú, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ìlọta, kí ó lọ rí ẹni tí ó ni ín ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ó sì bèèrè àkókò tí oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ san owó epo tí wọn yóò fi yí i. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé tí wọ́n ti là sí mẹ́ta dání, Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì kọ orúkọ tí ọmọ iṣẹ́ bá pe ohun kọ̀ọ̀kan, láìṣe àtúnṣe sí i. Kí wọ́n máa dúró níta tàbí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí gáàsì kan wà nínú èéfín tí imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn. Kí ẹni tí ó wọ agbádá bọ́ ọ sílẹ̀, kí ẹni tí ó lo ìborùn sì ki etí rẹ̀ bọ inú aṣọ kí ó tó súnmọ́ bẹ́líìtì.